Síkì Rírọ̀ fún Ẹni Gíga: Ọdún Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Mi Nídìí Bẹ́ǹṣì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òní, agogo mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná ilé mi ní Peckham, òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀ sára fèrèsé, ọ̀sẹ̀ kẹta sì nìyí tí mo dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún àwọn tó ni ín. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí wa ló ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí àwọn tí kò tíì mọ ohun tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe lè rí i kà. Ìlànà kan ṣoṣo ni akọ̀wé wọn fún mi: "Uncle, ẹ sáà jẹ́ kó clear." Mo gbà tayọ̀tayọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń gbìyànjú, mo sì ti ya ojú ìwé mẹ́rin dànù, nítorí pé ibi tí mo rò pé iṣẹ́ náà ti yé mi jù lọ gan-an ni ó ti ń dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ mi ni yíyan síkì fún ènìyàn, títún un ṣe, àti síso ìdè mọ́ ọn. Síkì ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí àwọn ènìyàn ń so mọ́ bàtà líle kan láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Ìdè ni irin tó di bàtà náà mọ́ pákó. Iṣẹ́ méjì tó ta ko ara wọn ni ìdè ń ṣe: ó gbọ́dọ̀ di bàtà mú ṣinṣin nígbà tí ẹni náà bá ń yọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ nígbà tí ó bá ṣubú, kí pákó má baà lọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́. Bí ìdè bá le jù, ẹsẹ̀ yóò ṣẹ́. Bí ó bá rọ̀ jù, yóò tú nígbà tí kò yẹ kó tú, yóò sì gbé ẹni náà ṣánlẹ̀.

Ní mọ́sáláṣí, kò sẹ́ni tó gbà pé iṣẹ́ ni èyí. Alfa Onípákó ni wọ́n ń pè mí.

"Bàbá Kúdì," ni wọ́n máa ń wí, nítorí pé Kúdírátù ni orúkọ àkọ́bí mi, "ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ́yìn, kí lẹ mọ̀ nípa yìnyín?"

Mo máa ń dá wọn lóhùn pé mi ò mọ nǹkan kan nípa yìnyín, ẹsẹ̀ ènìyàn ni mo mọ̀. Òótọ́ sì ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo so síkì mọ́ ẹsẹ̀ ara mi, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n ń ṣe yìnyín sí. Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀kalẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn láti sọ. Mo gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò nílé, mo ṣe olùkọ́ fún ọdún mẹ́rin, mo wá sí London, mo sì ń wá iṣẹ́ èyíkéyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Surrey Quays sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbé páálí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó ṣe fújà. Mo gbé páálí fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tó wà nídìí bẹ́ǹṣì, tábìlì iṣẹ́ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, rí mi níbi tí mo ti ń ka àtẹ ìṣirò tó lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ó yé ọ?" ni ó bi mí.

Mo ní ó yé mi, àti pé ìlà kẹfà ní àṣìṣe ìtẹ̀wé. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wo ìlà kẹfà, ó sì lọ mú ápírọ́ọ̀nù kan wá.

Mísítà Rẹ́jì ni a ń pè é. Ọmọ Deptford ni, bàbá rẹ̀ ti ṣe alágbàṣe ní èbúté Surrey kí wọ́n tó ti èbúté náà. Kúkúrú ni, kì í sì í rẹ́rìn-ín kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ o, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ síhìn-ín. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń pọ́n irin tó wà létí pákó. Bí mo bá parí, ọ̀gá yóò fi ẹ̀yìn èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ fa etí irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí irin bá ha èékánná rẹ̀ tó jábọ́ bí ìyẹ̀fun, ó dára. Bí kò bá hà á, yóò gbé pákó náà sórí ilẹ̀, kì í jù ú, yóò rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbé òkú ológbò, yóò sì wí pé: "Tún un ṣe." Pákó kan wà tí mo tún ṣe ní ìgbà mẹ́jọ. Ní ìgbà kẹsàn-án ó ní, "Ó ti dára láti ìgbà karùn-ún. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà mọ̀." Mi ò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe fi bàtà síkì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo bi oníbàárà kan bóyá bàtà ń dùn ún, oníbàárà ní rárá, mo kọ rárá sílẹ̀. Ọ̀gá fa ìwé náà ya. "O fẹ́ máa bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n? Wọ̀ ọ́ ná." Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wọ bàtà síkì láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mo ń rìn gbàgà-gbàgà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń kírun lọ́sàn-án ní ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ń dùn ún mọ́. Ojú wọn ni mo ń wò.

Òfin méjì ni ó fi lé mi lọ́wọ́. Èkíní: má ṣe bèèrè ohun tí o lè wọ̀n. Ìgbà kan, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù olówó ńlá wọlé, ó ní òun wọn ọgọ́rin kílò. Ọ̀gá ní kó gun òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n sọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

"Òṣùwọ̀n yìí ń purọ́," ni ọkùnrin náà wí.

"Òṣùwọ̀n kò mọ̀ yín rí, sà," ni ọ̀gá dá a lóhùn, ó sì kọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Gíga ara, ìwúwo, gígùn àtẹ́lẹ̀ bàtà: gbogbo rẹ̀ ni a ń wọ̀n, gbogbo rẹ̀ ni a ń gbé sínú àtẹ, àtẹ yóò sì sọ nọ́ńbà tí a óò fi ìdè sí; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ìdè ṣe ń le tó. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣeé wọ̀n, ìyẹn ni bí ẹni náà ṣe ń yọ̀. Oríṣi mẹ́ta ni àtẹ mọ̀: ẹni tó ń ṣọ́ra, ẹni tó wà láàárín, àti ògbójú. Ìdè ẹni tó ń ṣọ́ra ń tètè tú. Ti ògbójú kì í tètè tú, nítorí pé òun a máa fi agbára ṣe nǹkan lórí pákó láìṣubú. Nípa èyí nìkan ni a gbọ́dọ̀ gba ẹnu oníbàárà gbọ́, ibẹ̀ sì ni òfin kejì ti wá: bi í ní òun nìkan. "Ọkọ, síta. Ìyàwó, síta. Ọ̀rẹ́, síta." Mo rí ìdí rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ọkùnrin kan sọ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ògbójú ni òun, nígbà tí ọ̀gá lé àwọn ọ̀rẹ́ jáde, ó fà mọ́ bẹ́ǹṣì, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọ̀gá, ẹ fi mí sí ti àwọn tó ń bẹ̀rù."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lé ènìyàn síta. Mo lé lọ́yà, mo lé dókítà, mo lé ọlọ́pàá. Kò nira rárá, nítorí pé n kò mọ ìkankan nínú wọn.

Ní ti irinṣẹ́, bí mo bá ní kí n to àwọn àyípadà náà lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀rọ̀ náà kò ní tán. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń pọ́n irin, àyọ́ọ̀nù ni a sì fi ń yọ́ ìda sí abẹ́ pákó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ olókùúta dé, tó ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀rọ mìíràn dé tó ń dán ìdè wò, tó ń fa bàtà onírin títí ìdè yóò fi tú, tí yóò sì sọ agbára tó fi tú. Ohun tó dà mí láàmú jù ni pákó fúnra rẹ̀. Ọ̀gá kọ́ mi pé kí oníbàárà na ọwọ́ sókè, kí orí síkì sì dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo há a sórí. Kò pẹ́ tí àwọn pákó kúkúrú onídìí gbòòrò fi dé, tí gbogbo rẹ̀ sì di asán. Mo kọ́ tuntun. Ìyẹn náà tún di asán nígbà tí síkì eré dé.

Síkì eré kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ tètè dé ìsàlẹ̀ òkè. Ó wà fún àwọn tó ń gun irin gbọọrọ, tí wọ́n ń fò lórí òkìtì yìnyín, tí wọ́n ń yí lófuurufú, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun kan sókè. Iwájú rẹ̀ yí sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ yí sókè, ó sì rọ̀: bí o bá fi ara tì í, yóò tẹ̀ bí ọrun, yóò sì ta ọ́ padà. Bí ó bá ṣe rọ̀ tó ni eré inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ẹni gíga wá ni wàhálà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Ara ẹni gíga dà bí ọ̀pá gígùn tí a gbé dúró lórí pákó. Bí ó bá fì síwájú díẹ̀, agbára tó dé orí pákó pọ̀ gan-an. Pákó rírọ̀ tó kúrú yóò ká lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí a fún un ní èyí tó gùn, àmọ́ àwọn tó ń ṣe síkì sábà máa ń mú kí èyí tó gùn le sí i, nítorí wọ́n rò pé ẹni gíga ni ẹni tó wúwo, ẹni tó wúwo sì ni ẹni tó fẹ́ sáré. Tí ẹni gíga bá fẹ́ ṣeré ńkọ́? Ó fẹ́ gígùn kí ó má baà ṣubú, ó fẹ́ rírọ̀ kí ó lè ṣeré, ọjà sì ń fún un ní ọ̀kan, ó ń gba èkejì. Síbẹ̀, bí iwájú àti ẹ̀yìn ṣe yí sókè, gbogbo gígùn pákó kọ́ ló ń kan yìnyín, nítorí náà èyí tó dà bí ẹni pé ó gùn jù lè kúrú lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ìṣirò náà pé, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í jọra lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú kí n tó fẹ̀yìn tì, ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, Alhaja Rísì wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Catford ni ó ti ń ṣiṣẹ́, a sì jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ Sẹ̀kínátù, tí gbogbo wa ń pè ní Sẹ̀kí, tẹ̀ lé e wọlé, ó sì tẹ orí ba kí ó má baà fi gbá àkọlé tó fì lókè ilẹ̀kùn.

"Bàbá Kúdì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wá wo ọmọ yín. Ọmọ ẹlòmíràn ń ra bàtà, ọmọ ẹlòmíràn ń ra báàgì, tèmi ní òun fẹ́ ra pákó."

"Alhaja, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Bí mo bá jókòó, ẹ ó ti tà á fún un kí n tó dìde."

"Mummy, allow it, jọ̀ọ́," ni Sẹ̀kí wí. "Uncle, ẹ kú iṣẹ́." Ó kúnlẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ náà, orí rẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ọ́fíìsì kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ti sú u. Gbọ̀ngàn yìnyín kan ń wá olùkọ́ kan ṣoṣo, ìdánwò rẹ̀ yóò wáyé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti pe Sẹ̀kí. Alhaja mọ̀ nípa ìdánwò náà. Ohun tí ó rò ni pé ọmọ rẹ̀ yóò máa di ọwọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mú lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Nígbà tí ìyá yí sí àwọn fìlà òtútù tó wà lórí pẹpẹ, ọmọ tẹ̀ sún mọ́ mi.

"Uncle, it's the only thing tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Tí wọn ò bá mú mi, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa mú ẹlòmíràn. Mo nílò èyí tó rọ̀ gan-an."

Mo wọn gíga rẹ̀: mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà méjìdínláàádọ́rùn-ún. Mo gbé síkì mẹ́ta kalẹ̀. Èkíní jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mọ́kànléláàádọ́sàn-án, ó rọ̀ bí ewé. Ẹ̀kẹta jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án, ó le bí ilẹ̀kùn. Èyí tó wà láàárín jẹ́ méjìdínlọ́gọ́sàn-án, láti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ṣì ń ṣe pákó gígùn tó rọ̀. Sẹ̀kí gbé èkíní, ó tì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, pákó tẹ̀, ojú rẹ̀ sì là.

"Uncle, èyí. Ẹ wò ó, it's so playful."

"Yóò ká mọ́ ọ lábẹ́ nígbà tí o bá balẹ̀."

"Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń lo size yìí."

"Báwo ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ṣe ga tó?"

Alhaja dá sí i láti ọ̀dọ̀ àwọn fìlà: "Gbogbo wọn kúrú, Bàbá Kúdì. Ó dúró láàárín wọn bí òpó iná."

A rẹ́rìn-ín, Sẹ̀kí náà rẹ́rìn-ín. Ó dán èyí tó wà láàárín wò, ó dúró lórí rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fì síwájú, ó fì sẹ́yìn, ó sì mi orí. Ọ̀rọ̀ ibi tí a óò so ìdè sí tún dìde. Ó fẹ́ kí ó wà ní àárín gbùngbùn, kí iwájú àti ẹ̀yìn dọ́gba fún un nígbà tí ó bá ń fi ẹ̀yìn yọ̀. Nítorí gíga rẹ̀, èmi fẹ́ kí ó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sún sẹ́yìn. A parí rẹ̀ sí méjì. Títí di ibẹ̀, mo lè dá gbogbo ohun tí mo ṣe láre níwájú adájọ́.

Ó ku ìbéèrè tí kò ṣeé wọ̀n. Mo mú ìwé, mo mú bírò. Alhaja ti padà wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Gbólóhùn náà dé ẹnu mi: Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn tí n kò lè ka iye wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá wa jókòó ti òkú ìyá mi ni èyí. Ta ni èmi tí yóò ní kó lọ dúró sínú òtútù kí n lè bi ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí òun kò gbọdọ̀ gbọ́?

"Alhaja," ni mo wí, "ṣọ́ọ̀bù onítíì kan wà ní òdìkejì títì. Ṣé ẹ ò ní lọ fi tíì gbígbóná pa òtútù ná?"

"Rárá o. Mo ń san gbèsè ààwẹ̀ tó ṣẹ́kù sí mi lọ́rùn lọ́wọ́."

Mo bi Sẹ̀kí níwájú rẹ̀. Mo ka oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹni tó ń ṣọ́ra ni mí, Uncle."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Yes, Uncle."

"Mo ti kìlọ̀ fún un," ni Alhaja wí. "Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ó fò sókè, èmi náà á fò lé e."

Ẹni tó ń ṣọ́ra kì í ra síkì eré. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Sẹ̀kí sì mọ̀ pé mo mọ̀. Àtẹ sọ márùn-ún fún ẹni tó ń ṣọ́ra, ó sọ mẹ́fà fún ẹni àárín, ó sì sọ méje ààbọ̀ fún ògbójú. Bí mo bá kọ márùn-ún, mo kọ irọ́. Bí mo bá kọ méje ààbọ̀, mo ti fi ìdè tí kò ní tètè tú sí ẹsẹ̀ ọmọ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ìyá rẹ̀ pé òun ń ṣọ́ra. Mo yí ìdè sí mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó pe mẹ́fà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe èrò mi.

Ní Sátidé kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Alhaja pè mí lórí fóònù. Ó ń sunkún. Sẹ̀kí ti ṣubú níbi ìdánwò, lórí irin kẹta. Egungun èjìká rẹ̀ ti ṣẹ́, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Wọ́n fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo ní kí wọ́n gbé síkì náà wá fún mi. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, mo fà á ní ìgbà mẹ́wàá. Ní mẹ́fà gééré ni ó ń tú, kò dín, kò lé. Irin náà kò jẹ̀bi. Ọ̀rẹ́ Sẹ̀kí kan ti fi fóònù ya fídíò rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà, mo dín eré rẹ̀ kù títí ó fi ń rìn bí ìgbín. Sẹ̀kí gun irin náà, ó tẹ pákó bí ọrun, ó yípo, ẹwà ni. Ó ń balẹ̀ báyìí ni ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa kọjá níwájú fóònù. Nígbà tó kọjá tán, síkì ọ̀tún ti kúrò lẹ́sẹ̀ Sẹ̀kí, òun náà sì ti ń lọ sílẹ̀.

Mo pe Mísítà Rẹ́jì, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì sí etí òkun kan. Mo ka gbogbo nọ́ńbà náà fún un: gíga, ìwúwo, bàtà, gígùn pákó, ibi tí mo so ìdè sí. Ó gbọ́ mi dópin.

"Ṣé ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ nìkan lẹ jọ wà níbẹ̀ nígbà tí o bi í?"

"Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò lé e síta?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé Alhaja fún un, àti òkú ìyá mi, àti ààwẹ̀.

"Èmi náà kì bá tí lé e síta," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó tún ní, "Àmọ́ èmi ì bá ti fi ìdè sí márùn-ún, torí ohun tó sọ nìyẹn." Mo dúpẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó. Bí ọ̀gá mi bá tẹ̀ lé òfin rẹ̀ ní ìdajì, ohun tó burú ju tèmi lọ ni ì bá ṣe, torí márùn-ún ń tètè tú ju mẹ́fà lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Alhaja dìde láàárín àwọn obìnrin lẹ́yìn ìrun, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní gbangba. Ó ní dókítà sọ pé bí ìdè náà kò bá tú ni, orúnkún ọmọ òun ni ì bá lọ, kì bá sì rìn dáadáa mọ́. Ó ní ọwọ́ Bàbá Kúdì ni Ọlọ́run lò. Wọ́n kígbe Allāhu akbar. Wọ́n gbé páálí dàbínù kan fún mi, ńlá, tí wọ́n fi ìwé aláràbarà wé. Mo gbà á. N kò mọ bí mi ò ṣe ní gbà á.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni Sẹ̀kí wá sí ṣọ́ọ̀bù ní òun nìkan, ó fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn.

"Uncle, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mummy."

"Sọ ọ́."

"Ó ti tú kí n tó ṣubú. I landed it. Mo ti balẹ̀ dáadáa, mo wá gbọ́ tí ìdè yẹn ké."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Honestly, Uncle, mi ò mọ̀. Gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà míì tí mo bá sùn, mo máa ń rí i pé mo ti ń ṣubú kó tó tú." Ó wo bẹ́ǹṣì. "Èmi ni mo purọ́ fún yín."

"Èmi ni mi ò bi ọ́ ní ìwọ nìkan."

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo purọ́?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ gbà?"

Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn: bí mo bá ti ní kí ìyá rẹ̀ bọ́ síta ńkọ́, ṣé yóò sọ òótọ́ fún mi? Mo retí kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni kíákíá.

"Uncle, ẹ̀yin náà, ọ̀rẹ́ Mummy ni yín," ni ó wí. "Maybe mi ò ní sọ ọ́."

Ó ní kí n yí ìdè náà sí méje ààbọ̀. Mo bi í, àwa méjèèjì nìkan, irú ẹni tí ó jẹ́. Ó sọ ọ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì yí i. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni ó padà sí nígbà tí èjìká rẹ̀ jinná. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn náà kò tíì wá olùkọ́ mìíràn. Ó ṣì máa ń lọ ṣeré níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ sì gbà pé ilẹ̀ títẹ́jú ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe, mo fẹ́ sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí dára. Ẹ óò mọ ara ènìyàn, ẹ óò mọ irin, ẹ óò mọ pákó. Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn oníṣọ́ọ̀bù mú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan wá. Oníbàárà lè fi fóònù rẹ̀ yan oríṣi tí ó jẹ́ láti ilé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo wo àwọn ìdáhùn náà fún oṣù mẹ́ta, àwọn tó pe ara wọn ní ògbójú pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ nísinsìnyí, bóyá ẹlòmíràn ló jókòó tì wọ́n lórí àga ilé wọn, kò sí ọ̀nà tí mo fi lè mọ̀ ọ́n.

Mo ti fi ìṣirò wá a, mo ti fi ẹ̀rọ wá a, mo ti bi ẹni tó ṣubú, mo sì ti bi ọ̀gá mi. Bí ìdè náà bá tú kí Sẹ̀kí tó ṣubú, mẹ́fà tí mo fi sí i ló gbé e ṣánlẹ̀, tó sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣubú ló tú ìdè, a jẹ́ pé mẹ́fà kan náà ló pa orúnkún rẹ̀ mọ́. Èwo ló ṣáájú nínú méjèèjì, n kò mọ̀.